Ìbàdàn Ni àbí Abẹ́òkúta? Bí Fọ́tò Àtijọ́ Ṣe Ń Sọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù onífíréémù kan n'Íbàdàn ni mo ti bá àwọn bàbá méjì lẹ́nu àríyànjiyàn lórí fọ́tò kan. Òrùlé ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, òkè kan sì yọrí lẹ́yìn wọn. Èyí àgbà ní Ìbàdàn ni: òkè Mápó nìyẹn, wọn ò tíì kọ́ gbọ̀ngàn sórí rẹ̀ ni. Èkejì, ọmọ Ẹ̀gbá, yarí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Abẹ́òkúta lèyí. Ṣé ẹ ò rí àpáta ni?" Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé ta ló sọ pé Ìbàdàn ò ní àpáta? Onífíréémù yí fọ́tò padà. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí ọdún. Bó bá jẹ́ Mápó lóòótọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti yà á ṣáájú 1929 tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Bí kì í bá ṣe Mápó, ẹ̀rí ti bọ́ nìyẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe túká, kálukú di tirẹ̀ mú.

Irú àríyànjiyàn yìí kò yà mí lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tí fọ́tò ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Neils Walwin Holm, ọmọ bíbí Accra, ṣí ilé ìyàwòrán sí Èkó ní 1896, bẹ́ẹ̀ sì ni Edmond Fortier, ará Faransé tó fi Dakar ṣe ibùjókòó, tẹ káàdì ìfìwéránṣẹ́ jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún.

Tó bá di ká mọ ọjọ́ orí àwòrán, káàdì rọrùn díẹ̀ ju fọ́tò lọ. Kó tó di 1902, àdírẹ́sì nìkan ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì, ojú àwòrán ni wọ́n ń há ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí ilà tó pín ẹ̀yìn káàdì Gẹ̀ẹ́sì sí méjì, ó ti di 1902 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo sítáǹbù náà. "Lagos" kò kọjá 1906. "Southern Nigeria" parí sí 1914. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ ni sítáǹbù ń sọ, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ya àwòrán. Káàdì a máa pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ wá wo inú àwòrán fúnra rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba àárín ìgboro Èkó kọjá, 1902 sí 1933 ni.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ènìyàn inú káàdì wọ̀nyí. "Ìjòyè kan", "obìnrin Yorùbá kan" ni wọ́n kọ sábẹ́ wọn, àwọn tó ní oríkì, tó ní agbo ilé. Àwọn onífọ́tò àdúgbò ìgbà èwe wa ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọjọ́. Fọ́tò wá pọ̀ nínú fóònù lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ, a ò sì kọ nǹkan kan sí i.

Ẹ gbé àpótí fọ́tò ilé yín tọ àgbà tó ṣẹ́kù lọ nígbà tó ṣì ń ríran. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò, torí bírò a máa là sójú rẹ̀.