Ara Kì í Gbàgbé Ọ̀tá

Bí èèyi bá wọ agboolé, ara ọmọ a gbóná, ojú rẹ̀ a pọ́n, ara rẹ̀ a sì sú. Ṣùgbọ́n èèyi kì í mú ìyá àgbà tí ń tọ́jú ọmọ náà. Kí ló fà á? Ó ti mú un rí nígbà èwe rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1846, èèyi jà ní àwọn erékùṣù Faroe, lábẹ́ ìjọba Dẹ́ńmáàkì. Nínú nǹkan bí 7,800 ènìyàn, ó mú bí 6,000. Dókítà Panum tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ rí ohun ìyanu kan. Èèyi ti jà níbẹ̀ rí ní ọdún 1781. Nínú àwọn arúgbó tí ó mú nígbà náà, kò tún mú ẹyọ ẹnì kan. Ọdún 65 ti kọjá, ara wọn kò gbàgbé!

Báwo ni ara ṣe ń rántí? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Nínú mùdùnmúdùn egungun wa ni a ti ń bí àwọn ọmọ ogun kan tí àwọn dókítà ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n irú ọ̀tá kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀, bí kọ́kọ́rọ́ kan ti ń ṣí àgádágodo kan.

Wọ́n ń ṣọ́nà nínú ẹ̀jẹ̀, àti nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà ní ọrùn àti abíyá. Bí kòkòrò èèyi bá wọlé, èyí tí ó bá a mu a dìde. Ọ̀kan a di méjì, méjì a di mẹ́rin, títí wọn ó fi pọ̀ bí èèrà. Nígbà náà ni wọn ó máa tú ohun ìjà sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun ìjà yìí a lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà, kò sì ní lè ráyè ṣe ibi mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Kí ó tó parí, èèyi lè pa ọmọ, tàbí kó fọ́ ọ lójú. Bí ọmọ bá yè, díẹ̀ nínú ọmọ ogun náà a kù sílẹ̀ bí olùṣọ́. Bí ọ̀tá bá padà wá, kíá ni wọn ó dìde.

Àwọn kan ń sọ pé, ‘Ẹ jẹ́ kí èèyi mú un, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.’ Ọ̀rọ̀ yẹn léwu o. Èèyi a máa pa lára àwọn olùṣọ́ tí ara ti ní fún àrùn mìíràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló dára. Kòkòrò èèyi tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ ìjà.

Ohun ìjà tí ìyá fún ọmọ nínú oyún ń tán láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí náà, ní Nàìjíríà, ọmọ oṣù 9 ni a ń fún ní abẹ́rẹ́ èèyi; a ó tún fún un ní oṣù 15.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de èèyi. Ọjọ́ tí ogun bá dé kọ́ là ń kọ́ ọmọ ogun.