Sílíńdà Ọ́síjìn: Báwo Ni Yóò Ṣe Pẹ́ Tó Kó Tó Tán?

Nígbà tí dókítà bá ní kí wọ́n gbé aláìsàn tí kò lè mí dáadáa láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn, ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn kí ọkọ̀ tó gbéra: ǹjẹ́ ọ́síjìn tí ó wà nínú sílíńdà yìí yóò gbé wa débẹ̀? Bí ọ́síjìn bá tán lójú ọ̀nà, kò sí ilé epo tí a ti lè rà á.

Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà lára géèjì tí ó wà lórí sílíńdà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá kà á ní láti mọ bí nǹkan mẹ́ta ṣe so kọ́ra: àyè tí gáàsì gbà, agbára tí ó fi ń ti ògiri ohun tí a kó o sí, èyí tí à ń pè ní ìfúnpá, àti bí ó ṣe gbóná tó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, ó kéré tán òmíràn yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà jà lẹ́ẹ̀kejì, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé iye sílíńdà ọ́síjìn tí ilé ìwòsàn kan ní Yaba ń lò lóòjọ́ ti gòkè láti 70 dé 350.

Gáàsì kò dà bí omi

Bí a bá bu omi lítà kan sínú garawa ńlá, lítà kan náà ni yóò jẹ́ nísàlẹ̀ garawa. Gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù tí a bá kó o sí ni yóò kún. Àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ni ó para pọ̀ di gáàsì. Wọn kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń sáré kiri, wọ́n sì ń kọ lu ògiri ibi tí wọ́n wà láìsinmi. Ìkọlù náà ni ó ń di ìfúnpá.

Ẹ mú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì rọra tì í. Bí àyè inú rẹ̀ ti ń kéré sí i ni yóò máa ti ọwọ́ yín padà. Bí àyè náà bá dín kù sí ìdajì, tí ooru kò sì yí padà, ìfúnpá yóò di ìlọ́po méjì. Robert Boyle, onímọ̀ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ireland, ni ó tẹ òfin yìí jáde ní ọdún 1662.

Òfin yìí kan náà ni à ń tẹ̀ lé bí a ti ń mí. Iṣan pẹlẹbẹ kan ni ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Bí iṣan náà bá sún wálẹ̀, àyè inú àyà yóò fẹ̀, ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró yóò rẹlẹ̀ sí ti ìta, afẹ́fẹ́ yóò sì wọlé. Bí ó bá padà sókè, afẹ́fẹ́ yóò jáde. Ìdí nìyí tí mímí fi ń ni ẹni tí àìsàn bá mú kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le lára: iṣan náà ní láti ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí àyè náà tó lè fẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú sílíńdà kan tí ó lè gba omi lítà 10. Bí géèjì rẹ̀ bá kà 130 bar, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìfúnpá inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 130 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Nítorí náà, bí gáàsì náà bá jáde, yóò di nǹkan bí lítà 1,300, nítorí pé 10 lọ́nà 130 ni.

Bí dókítà bá ní kí aláìsàn máa gba lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, a ó pín 1,300 sí 5, yóò sì fún wa ní ìṣẹ́jú 260, èyí tí í ṣe wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 20. Bí géèjì bá kà 65 péré, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 ni. Bí lítà 10 ni aláìsàn ń gbà ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 5 péré ni.

Ẹni tí ó fẹ́ rìn ìrìn-àjò wákàtí méjì kò gbọdọ̀ gbára lé wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 yìí. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò mọ aláìsàn. Bí psi ni wọ́n kọ sára géèjì, ẹ pín iye tí ó kà sí 14.5, yóò di bar.

Nígbà tí ooru bá dé

Jacques Charles, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ìwádìí nípa ooru àti gáàsì ní nǹkan bí ọdún 1787. Joseph Louis Gay-Lussac, ọmọ ilẹ̀ kan náà, tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1802. Bí gáàsì bá gbóná, ó ń fẹ́ àyè sí i. Bí irin bá sì há a mọ́, tí kò rí àyè fẹ̀ sí, ìfúnpá rẹ̀ ni yóò máa lọ sókè.

Sílíńdà tí wọ́n rọ ọ́síjìn sí dé 137 bar nígbà tí ìgbóná jẹ́ dígírì 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò kà nǹkan bí 151 bí oòrùn bá mú un gbóná dé dígírì 45. Kò sí ẹni tí ó fi kún un. Bí iná bá mú un dé dígírì 300, ìfúnpá náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, irin tí ó há a mọ́ yóò sì máa rọ̀. Ibẹ̀ ni ìbúgbàù ti ń wá.

Òdì-kejì rẹ̀ náà wà. Bí a bá gbé sílíńdà láti inú oòrùn wọ yàrá tútù, géèjì yóò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan jí i lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá nígbà tí ẹnu rẹ̀ wà ní títì tí ooru kò sì yí padà, ó ń jò ni.

Gáàsì ìdáná yàtọ̀

Ẹ má ṣe fi ìṣirò òkè yìí wọn gáàsì ìdáná. Nínú sílíńdà tirẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù ti di olómi. Níwọ̀n ìgbà tí olómi náà bá ṣì kù, ìfúnpá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àyàfi bí ooru bá yí padà. Ìdí nìyí tí à ń fi òṣùwọ̀n kílò tà á. Wọn kì í rọ olómi náà kún ju nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ó lè rí àyè fẹ̀ nígbà ooru. Ẹni tí ó ní kí wọ́n rọ ọ́ kún dé ẹnu ń fi ẹ̀mí wewu.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

• Ẹ gbé sílíńdà ọ́síjìn síbi òjìji, kí ẹ sì so ó mọ́ nǹkan kí ó má baà ṣubú.
• Ẹ má ṣe mu sìgá tàbí dáná nítòsí rẹ̀, nítorí pé ọ́síjìn ń mú kí iná ràn kíákíá.
• Ẹ má ṣe fi òróró, gírísì tàbí ìpara kan ẹnu rẹ̀.
• Ẹ má ṣe yí iye tí aláìsàn ń gbà padà fúnra yín. Àpọ̀jù ọ́síjìn lè ba ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè mẹ́ta: omi lítà mélòó ni sílíńdà yìí lè gbà? Kí ni géèjì kà? Lítà mélòó ni aláìsàn ń gbà ní ìṣẹ́jú kan? Ẹ fi ìkejì sọ èkíní di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ìkẹta. Bí iye ìṣẹ́jú tí ẹ bá rí kò bá ju ti ìrìn-àjò yín lọ dáadáa, ẹ bèèrè fún sílíńdà kejì.