Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kí Eruku Ba Àwòrán Yín Jẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn ẹbí kan pè wá pé kí á wá ya àwòrán níbi ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ìyá wọn. Màmá wọ léèsì funfun, wọ́n wé gèlè funfun, inú wọn sì dùn gidigidi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìsìn parí, a kó gbogbo ẹbí jáde sí gbangba. Màmá jókòó láàárín, ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí wọn ká. Ẹbí náà pọ̀ ju ohun tí lẹ́ńsì ara kámẹ́rà wa lè gbà lọ. A yọ lẹ́ńsì náà níbẹ̀ gan-an, nínú atẹ́gùn, a sì gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sókè, bí a ti ń wá lẹ́ńsì kejì nínú báàgì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. A ya àwòrán náà, gbogbo ènìyàn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Àwọn fọ́tò kéékèèké tí a tẹ̀ fún wọn kò ní àbùkù kankan tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, Màmá sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ wọn padà wá bá wa, wọ́n ní àwòrán ọjọ́ náà ni àwọn fẹ́ kí á sọ di ńlá fún ìsìnkú, nítorí pé kò sí òmíràn tí Màmá ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a sọ ọ́ di ńlá lórí kọ̀ǹpútà ni a rí ohun tí a ṣe. Àmì dúdú roboto mẹ́ta wà lójú sánmà, ọ̀kan wà lára gèlè, ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Màmá gan-an.

Àwọn ti ojú sánmà rọrùn láti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Màmá gba òru méjì lọ́wọ́ wa, nítorí pé a kò lè fi ọwọ́ ara wa ya ojú mìíràn fún ìyá olómọ. Àwòrán mìíràn tí a yà tẹ̀lé e ni ó kó wa yọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi kámẹ́rà jẹun, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, àti ẹ̀yin tí ẹ ra kámẹ́rà sílé fún ayẹyẹ.

KÍ NI SẸ́ŃSỌ̀?

Láyé fíìmù, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ojú fíìmù tirẹ̀. Bí eruku bá bà lé ọ̀kan, nígbà tí a bá yí fíìmù náà, eruku ọ̀hún á bá a lọ. Kámẹ́rà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni ó rọ́pò fíìmù, ojú kan náà ni ó sì wà láti ọjọ́ tí a ti ra kámẹ́rà títí di ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Nínú àwọn kámẹ́rà ńlá, ó fẹ̀ tó mìlímítà 36, ó sì ga tó mìlímítà 24. Ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà mìíràn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku tí ó bá bà lé e yóò hàn ní ibì kan náà nínú gbogbo àwòrán tí ẹ bá yà, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún.

Ní tòótọ́, eruku kì í kan sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Gíláàsì tín-ín-rín kan wà níwájú rẹ̀, lórí gíláàsì yìí ni eruku ń bà sí, òun náà sì ni à ń nù. Kámẹ́rà tí a lè yọ lẹ́ńsì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé ìgbà tí a bá yọ lẹ́ńsì ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún eruku.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí eruku náà fi ń hàn lónìí tí kì í hàn lọ́la? Ẹ wo òjìji yín. Nígbà tí òòrùn bá mú, òjìji yín á hàn ketekete lórí ilẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo òòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti gbogbo ojú ọ̀run wá, òjìji náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú kámẹ́rà. Bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì bá fẹ̀, bíi f/2.8, òjìji eruku kì í hàn. Bí a bá dín ihò náà kù sí f/16 tàbí f/22, òjìji náà á dúdú, á sì hàn gbangba. A dín in kù lọ́jọ́ ìdúpẹ́ Màmá kí gbogbo ẹbí lè hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn.

NÍBO NI ERUKU TI Ń WÁ?

Ní ilẹ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, atẹ́gùn ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Eruku náà kúnná bí ìyẹ̀fun, ó sì ń wọ ibi tí a kò rò.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó ń ti ìta wá. Nǹkan kéékèèké tí ń fara gbo ara wọn nínú kámẹ́rà lè tú eruku tàbí epo sílẹ̀. Kámẹ́rà Nikon D600, tí ó jáde ní ọdún 2012, gbajúmọ̀ fún irú àmì bẹ́ẹ̀, títí tí ilé iṣẹ́ náà fi kéde ní ọdún 2014 pé àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá gbé kámẹ́rà tí ó ní àmì wá, ẹ má tètè nà án.

Ẹ̀ṣọ́ dára ju ìwòsàn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì, ẹ kọ́kọ́ pa kámẹ́rà. Ẹ wọ inú yàrá, kí ẹ pa fáànù, tàbí kí ẹ wọ inú ọkọ̀ tí wíńdò rẹ̀ wà ní títì. Ẹ nu ẹ̀yìn lẹ́ńsì tuntun, kí ẹ sì ní in lọ́wọ́ kí ẹ tó yọ ti àtijọ́. Ẹ dojú ẹnu kámẹ́rà kọlẹ̀. Ẹ máa gbọn eruku inú báàgì yín dànù pẹ̀lú. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń lo àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí a bá ti yọ lẹ́ńsì, sẹ́ńsọ̀ wà níhòòhò nìyẹn. Òmíràn, bíi Canon EOS R tí ó jáde ní ọdún 2018, máa ń pa ìlẹ̀kùn dé e bí a bá pa kámẹ́rà. Ẹ má fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn náà o, ẹlẹgẹ́ ni.

BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ

Ẹ fi kámẹ́rà sí f/16 tàbí f/22, kí ISO rẹ̀ wà ní 100. Ẹ ya ojú sánmà tí kò ní ìkùukùu, tàbí pépà funfun, kí ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́ńsì mú un kedere. Ẹ wá sọ àwòrán náà di ńlá, kí ẹ wò ó láti igun dé igun. Ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ di òkè lójú sẹ́ńsọ̀: àmì tí ó wà lókè àwòrán ní apá òsì, bí ẹ bá kọjú sí ẹnu kámẹ́rà, ìsàlẹ̀ ní apá òsì ni eruku rẹ̀ wà.

Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ìnùjù kò ṣe kámẹ́rà ní oore kankan.

BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́

Lọ́jọ́ tí a rí àmì lára àwòrán Màmá, a dán kámẹ́rà náà wò, eruku ti kún inú rẹ̀. Inú bí wa, a mú aṣọ tí a fi ń nu awò ojú, a sì fi ìka tì í wọlé, a nù ún. Yanrìn wíńníwínní tí ó wà níbẹ̀ ha gíláàsì náà. Eruku ìbá lọ, ṣùgbọ́n ìhà kì í lọ. Owó gọbọi ni a san kí wọ́n tó bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ìdọ̀tí bá kó sí ọmọdé lójú, ìyá rẹ̀ kì í fi èékánná họ ọ́. Ohun tí ó rọrùn jù ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á ṣe sí sẹ́ńsọ̀.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gbọn ara rẹ̀. Láti ìgbà Olympus E-1 ní ọdún 2003 ni kámẹ́rà ti ń ní ẹ̀rọ tí ń mi gíláàsì náà kí eruku lè já bọ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ní in lónìí.

Èkejì, ẹ lo rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ tí ó ń tú atẹ́gùn jáde. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé bátìrì kún, nítorí pé bí iná bá lọ lójijì, dígí inú kámẹ́rà lè já lu ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ yan ètò ìfọ̀ṣẹ́ńsọ̀ lórí kámẹ́rà, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ sì tẹ rọ́bà náà bí ìgbà mẹ́wàá láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wọ inú kámẹ́rà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibí ni iṣẹ́ parí sí.

Ẹ̀kẹta, bí eruku náà bá lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tí ó jẹ́ epo, ìgbà yìí ni a tó lo ọ̀pá pẹlẹbẹ tí a fi aṣọ mímọ́ wé, tí fífẹ̀ rẹ̀ bá sẹ́ńsọ̀ yín mu. Ẹ kán ẹ̀kán méjì oògùn ìfọ̀ṣẹ́ńsọ̀ sí i. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti etí kan dé èkejì, ẹ yí i padà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì fà á bọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé nínú àwọn kámẹ́rà kan, sẹ́ńsọ̀ náà ń mì, kò dúró gbọn-in. Oògùn náà sábà máa ń jẹ́ methanol: májèlé ni, iná sì ń tètè ràn án. Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé àti ibi ìdáná.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ yóò ta sí i. Ẹ má lo agolo atẹ́gùn tí a fi ń fọ kọ̀ǹpútà, ó lè tu omi sí i. Ẹ má lo sípíríìtì ilé oògùn, nítorí pé ó ń fi àbààwọ́n sílẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì san owó rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Àwòrán Màmá wà lára ògiri ní pálọ̀ àkọ́bí wọn báyìí. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí àmì náà wà tẹ́lẹ̀ àfi àwa. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó bá ṣáájú ayẹyẹ, a máa ń jáde síta, a ó ya ojú sánmà, a ó sì wò ó dáadáa kí a tó di ẹrù wa. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ tó dé.