Iṣẹ́ Alukoro ní Kabusa: Etí Ni Ó Ṣáájú Ẹnu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ṣùgbọ́n ní ti alukoro, àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí ó bọ̀wọ̀ fún. Òtítọ́ yìí hàn gbangba ní Kabusa, ní agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, Abuja.

Ilẹ̀ àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Gwari, ni Kabusa. Ní ọdún 1975, Onídàájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Yorùbá, ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó wá ibùdó fún olú-ìlú tuntun. Ní oṣù Èrèlé, ọdún 1976, òfin ìjọba ológun sọ gbogbo ilẹ̀ agbègbè náà di ti Ìjọba Àpapọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba pinnu láti kó gbogbo àwọn onílẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó yí ìpinnu padà. Àwọn kan ṣí lọ, àwọn mìíràn dúró, ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú kò sì tíì tán nílẹ̀. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti kọ́lé tàbí láti tajà, àdéhùn àtijọ́ ni àwọn àgbà ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ rántí.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ alukoro ti bẹ̀rẹ̀. Yóò kí olórí ìlú, yóò jókòó ti àwọn àgbà, yóò gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, yóò sì jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ láìbù mọ́ ọn, láìyọ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo àṣà. Orí ni Yorùbá fi ń ru ẹrù. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi fi ń gbé tiwọn, nítorí wọ́n ka orí sí ọba ara. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ya obìnrin Gbagyi tí ó ru igbá sórí sára pátákó ìpolówó ti fi àìmọ̀kan rẹ̀ han onílé.

Iṣẹ́ yìí ní ìlànà. Ọdún 1963 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn alukoro Nàìjíríà, NIPR, sílẹ̀. Òfin sì fún un láṣẹ ní ọdún 1990. Olóyè Alex Akinyẹle, ọmọ Oǹdó, ti ṣe alukoro àwọn aṣọ́bodè àti ààrẹ ẹgbẹ́ náà kí ó tó di Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìròyìn.

Ọ̀dọ́ Yorùbá tí ó dàgbà sí Abuja, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa, tí ó sì fi Gbagyi kún un, ti ní ohun èlò iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Òtítọ́ ni ó kù kí ó fi kún un. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí ó bá sì bá a, alukoro ni onílé yóò kọ́kọ́ bi.