Apá tó wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú: Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Bí àrùn jẹjẹrẹ ọmú bá mú obìnrin kan, owó iṣẹ́ abẹ, owó oògùn àti owó ìtọ́jú onítànṣán ni ẹbí máa ń ṣírò. Owó apá kì í sí nínú ìṣirò náà. Bẹ́ẹ̀, fún ìyá tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, èyí tó ń ránṣọ àti èyí tó ń yan gàrí, apá yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí dókítà bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lè yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá, ìtànṣán sì lè bà wọ́n jẹ́. Omi ara tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò ní rọ́nà mọ́, apá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Ìyẹn ni pé kó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Obìnrin 141 tí apá wọn ti wú ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì ní kí nǹkan bí ìdajì wọn máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan. Apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé irin lọ. Kódà, nínú 100 àwọn tó gbé irin, 14 péré ni ìṣòro apá náà tún le sí i fún. Nínú 100 àwọn yòókù, 29 ni. Ẹ má sọ pé a ní kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé lọ gbé àpò sìmẹ́ǹtì o! Olùkọ́ ló dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ 13 àkọ́kọ́, irin tó fúyẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń wọ aṣọ tó fún mọ́ apá.

Wíwọ́ apá náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń darí omi lọ síbi tí yóò ti rí ọ̀nà, kì í ṣe bí àwọn teguntegun ṣe máa ń tẹ ẹsẹ̀ tó kán. Lọ́dún 2022, ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà pé ìwọ́ra lè dín ìrora kù, wọ́n sì ní kí aláìsàn máa ṣe eré ìdárayá nígbà tí ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́. Àmọ́ ìwọ́ra kì í pa jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ní òun ń fi pa á, owó yín ló ń wá.

Ìrìn ẹsẹ̀ kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Aṣọ apá ló ń náni lówó, nítorí ó máa ń ro, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Medicare, adójútòfò ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, kò sanwó rẹ̀ títí òfin kan tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá, ọdún 2022, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọdún 2024: aṣọ mẹ́ta fún apá kan láàárín oṣù mẹ́fà.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2022 tó dá àjọ NHIA sílẹ̀ ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, síbẹ̀ àpò ará ìlú ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde. Kí ẹ tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ HMO yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà mélòó ni wọn yóò sanwó físíò? Ṣé aṣọ apá wà níbẹ̀? Èyí tó bá kọ̀ lónìí lè wá sanwó bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́la, nítorí kòkòrò àrùn tètè máa ń ráyè wọ apá tó wú. Ẹni tí kò bá sì ní adójútòfò, kó ní kí àwọn físíò kọ́ òun àti ọmọ òun ní ìwọ́ra náà kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù.