Iona: Erékùṣù Skọ́tílándì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn, àti ẹyẹ Áfíríkà tó fi koríko rẹ̀ ṣe ilé

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, àjèjì tó bá kàn wọ oko olóko láìtọrọ àyè ní láti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ní Skọ́tílándì, òfin ló fún ẹnikẹ́ni láyè láti gba inú pápá ẹlòmíràn kọjá dé etí òkun, tí kò bá ṣáà ti ba nǹkankan jẹ́.

Ọ̀kan lára ibi tí èèyàn ti lè rí bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni Iona, erékùṣù kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún àbọ̀ lọ. Òkè tó ga jùlọ níbẹ̀, Dùn Ì, kò ju mítà 101 lọ. Ìdí nìyí tí tọmọdé tàgbà fi lè rin ìrìn náà láì mí hẹlẹhẹlẹ.

Àmọ́ àwọn tó ń rìn nìkan kọ́ ló ń lo koríko etí òkun náà. Ẹyẹ kan tó ń ti Áfíríkà wá lọ́dọọdún náà ń fi ibẹ̀ ṣe ilé, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn àlejò sì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Báwo ni èèyàn ṣe ń dé Iona?

Kò sí afárá, kò sì sí pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì láti Glasgow lọ sí ìlú Oban. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wọn dé Craignure ní erékùṣù Mull, ìrìn tí kò pé wákàtí kan.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọ mọ́tò gba ojú ọ̀nà tóóró kan tó tó nǹkan bíi ọgọ́ta kìlómítà dé Fionnphort. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń kó èèyàn sọdá láti ibẹ̀ sí Iona láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlejò kì í gbé mọ́tò dé Iona. Fionnphort ni wọ́n ti máa ń fi í sílẹ̀.

Ibo ni ìrìn náà gbà?

Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, abúlé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn ilé mélòó kan, ẹ ó rí àwókù ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1200. Iwájú díẹ̀ ni ilé ìjọsìn ńlá tí gbogbo ayé mọ Iona mọ́ wà.

Lọ́dún 563 ni Columba, àlùfáà láti ilẹ̀ Ireland, wá tẹ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn dó síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀sìn Kristẹni ti tàn ká apá púpọ̀ ní Skọ́tílándì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ Ìwé Kells, ìwé Ìhìn Rere alárà tó wà ní Dublin lónìí. Lọ́dún 806, àwọn jàgùdà ojú omi tí wọ́n ń pè ní Viking pa ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn 68 níbẹ̀.

Ní itẹ́ òkú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn náà ni wọ́n sin John Smith, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ní UK, sí lọ́dún 1994.

Lẹ́yìn ilé ìjọsìn náà, ojú títì yóò tán, ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, ẹ ó sì gba àárín àwọn àgùntàn dé etíkun tí iyanrìn rẹ̀ funfun. Ìkarahun tí òkun ti lọ̀ kúnná ló sọ ọ́ di funfun bẹ́ẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún lọ. Wákàtí méjì tó fún ẹni tí kò kánjú.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ṣì gbé e lè gba ọ̀nà kejì tó dábùú erékùṣù náà lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Pápá títẹ́jú ló wà níbẹ̀, tí òdòdó máa ń bò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìtumọ̀ orúkọ etíkun náà lédè Gaelic ni "èbúté ẹ̀yìn òkun". Agbami Àtìláńtíìkì ló wà níwájú rẹ̀, ó sì jìnnà kí èèyàn tó kan ilẹ̀ Kánádà ní òdìkejì.

Ta ló fún àlejò láṣẹ láti wọ oko olóko?

Òfin àtúnṣe ilẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tílándì ṣe lọ́dún 2003 ni. Ọdún 2005 ni apá tó jẹ mọ́ ìrìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fún gbogbo èèyàn, ọmọ onílẹ̀ àti àjèjì, ní ẹ̀tọ́ láti fẹsẹ̀ rìn, gun kẹ̀kẹ́ tàbí ẹṣin, tàbí lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti omi orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀tọ́ náà ní ààlà. Kò kan ilé onílé àti ọgbà tó yí i ká, ilẹ̀ tí irè oko wà lórí rẹ̀, tàbí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Kò fàyè gba mọ́tò tàbí ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni kò fàyè gba ọdẹ ṣíṣe.

Ní England, òfin ọdún 2000 kò lawọ́ tó bẹ́ẹ̀. Irú àwọn ilẹ̀ kan bíi orí òkè àti ilẹ̀ àjùmọ̀lò ló fàyè gbà.

Lọ́wọ́ kejì, òfin Skọ́tílándì bu ojúṣe lé alárìnkiri lọ́wọ́: kó pa ilẹ̀kùn ọgbà dé bó ṣe bá a, kó kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ, kó sì di ajá rẹ̀ mú. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ lè jẹ́ kí àgùntàn wọ inú koríko tí àgbẹ̀ fẹ́ kó pamọ́ fún ìgbà òtútù.

Ẹyẹ wo ló ń ti Áfíríkà wá?

Corncrake ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ jọ àparò lójú. Ohùn rẹ̀, tó máa ń ké jù lóru, dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ha eyín òòyà. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Iona láì rí i rí, torí inú koríko gíga ló máa ń sá pamọ́ sí.

Apá ìparí oṣù Kẹrin ló máa ń dé, yóò sì padà sí Áfíríkà bí oṣù Kẹsàn-án bá wọlé. Àwọn onímọ̀ tó so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn kan lára wọn ní Coll, erékùṣù tí kò jìnnà sí Iona, rí i pé wọ́n gba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá lọ sí agbègbè Congo.

Nígbà kan rí, káàkiri UK ni wọ́n ti ń gbọ́ igbe ẹyẹ yìí. Ẹ̀rọ ìgékoríko ló dín wọn kù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, àwọn ọmọ wọn kì í sì í fẹ́ jáde sí gbangba. Bí ẹ̀rọ bá ti ń gé koríko láti etí pápá wọ inú, àárín ni wọn yóò há sí títí ẹ̀rọ yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí àgbẹ̀ dúró di oṣù Kẹjọ kó tó gé koríko, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín wá sí etí, kí àwọn ọmọ ẹyẹ lè rí ibi sá sí. Ìjọba ní ètò tí wọ́n fi ń sanwó fún àwọn àgbẹ̀ tó bá gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ajá kan tí wọ́n bá tú sílẹ̀ nínú koríko gíga lè ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ

• Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni ìrìn náà rọrùn jù. Nígbà òtútù, ọkọ̀ ojú omi máa ń dín kù, ilẹ̀ sì tètè máa ń ṣú.

• Ẹ mú aṣọ òjò àti bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀, kódà bí oòrùn bá ràn láàárọ̀.

• Ẹ béèrè àkókò tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa gbéra. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ìjì sì lè dá ọkọ̀ dúró.

• Ẹ má wọ inú koríko gíga láti wá ẹyẹ náà. Ẹ dúró sójú ọ̀nà, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀.