Ààlà Tí Òwò Pa fún Wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, Osi, Iloffa àti àwọn ìlú agbègbè wọn kò sí nínú rẹ̀. Kwara ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìbátan àwọn tí ó wà ní òdìkejì ààlà. Òṣèlú ni àwọn ènìyàn ń dá lẹ́bi. Àwa sọ pé òwò ni ó ṣáájú.

Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ epo pupa wa láti fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, àti láti fi pa ẹ̀rọ kí ó lè máa yí geere. Ní 1879, George Goldie kó àwọn oníṣòwò Odò Ọya jọ di ẹgbẹ́ kan. Ní 1886, wọ́n gba ìwé àṣẹ ọbabìnrin, ẹgbẹ́ náà sì di Royal Niger Company: oníṣòwò tí ó ní ọmọ ogun, tí ó ń dájọ́, tí ó sì ń gba owó bodè. Ní oṣù kejì ọdún 1897, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà, wọ́n fi àgbá àti ìbọn Maxim ja Ìlọrin.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ kọ́ńpínnì. £865,000 ni ó san, ó sì tún fún kọ́ńpínnì ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì owó ohun àlùmọ́ọ́nì ní apá kan ilẹ̀ Àríwá fún ọdún 99. Ogun Ìlọrin ti ń dé apá Èkìtì kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ya ilẹ̀, Osi àti Iloffa bá Ìlọrin lọ sí Àríwá. Àwọn ará ibẹ̀ kò dìbò lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí. Amẹ́ríkà tìkára rẹ̀ ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé rẹ̀ parí ní 1865, ó la ọ̀nà reluwé, ó rọ irin, ó sì fọ epo rọ̀bì, títí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní 1898, ó ṣẹ́gun Sípéènì, ó gba Puerto Rico àti Guam, ó sì san dọ́là mílíọ̀nù 20 fún Sípéènì lórí Philippines. Àwọn ọmọ Philippines kò gbà. Ogun ni wọ́n fi dáhùn.

Ní 1926, ìjẹgàba náà dé Làìbéríà láìsí ìbọn. Firestone ń wá rọ́bà fún táyà ọkọ̀. Ó gba ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ó tó éékà mílíọ̀nù kan fún ọdún 99, ní sẹ́ǹtì mẹ́fà lórí éékà kan lọ́dún. A sì so gbèsè dọ́là mílíọ̀nù 5 mọ́ ọn, pẹ̀lú èlé méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn: èrè lọ sí Amẹ́ríkà, gbèsè kù sí Làìbéríà.

Àwa kò bú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni ó gbé Amẹ́ríkà ga, nítorí pé ó ń fi òwú àti irin ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ọjà nílé. Àwa ń di kòkó àti kajú sínú àpò, a ń tà wọ́n, a sì ń ra ohun tí wọ́n fi ṣe padà ní owó gọbọi.

Láàárín 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ Ilorin Talaka Parapọ̀ àti Action Group jà kí ààlà yìí lè yẹ̀. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1957 sí 1958; ààlà kò yẹ̀. Ní 1967, a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀. Ààlà náà ṣì dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí olùdíje bá dé Osi tàbí Iloffa, ẹ má ṣe bi í nípa ààlà nìkan. Ẹ bi í pé níbo ni ilé iṣẹ́ tí yóò máa lọ kòkó wa wà. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà fún àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn pé oníṣòwò ni ó kọ́kọ́ mú kálámù. Ẹni tí kò bá ní ilé iṣẹ́ ni ẹlòmíràn máa ń pa ààlà fún.